Ìyá Alámì

Ìyá Alámì ni gbogbo àdúgbò ń pe olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá gbàgbé àmì orí ọ̀rọ̀ kan péré, bírò pupa á ti gé máàkì. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ẹni tó jáde láìwọ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò rẹ̀, nọ́ọ̀sì, ń ráhùn pé fóònù òun kò lámì, ẹ̀rín ló fi í rín.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ta ló ń kọ́ ọ̀bọ ní igi gígùn?"

Láàárọ̀ Sátidé, àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò wọlé: "Egbon mi, ole ti wa nile omo. Oju ara mi ni mo fi ri i. E ma tii pariwo o."

Háà! Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí Ìyá ń gbé nílé rẹ̀, rìnrìn-àjò iṣẹ́. Ta ló kù nílé bí kò ṣe ìyàwó? Òrùka wúrà Ìyá kúkú ti sọnù. Ìyàwó tí kò fún un lọ́mọ-ọmọ tí yóò gbé jó, ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun ló tún wá ń jalè!

Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta dé nígbà tí Ìyá bá a ní kíṣíìnì.

"Kí lo ń fi pamọ́ fún mi nínú ilé yìí?"

Ìyàwó ta gìrì. "Ta ló sọ fún yín, Mà? Mo fẹ́ kí ọmọ yín dé ká tó..."

"Kó dé wá ṣe kí ni? Olè!"

Ó wọ́ àpótí ìyàwó síta. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: OLÈ. Ó fa àmì sórí È dáadáa, olùkọ́ ṣáà ni. Àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ń wòran.

Ìyàwó nu ojú rẹ̀, ó gbé àpótí. "Ó dáa, Mà. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́."

Ìyá pòṣé. Bó ṣe ń yọ fóònù nínú pọ́ọ̀sì, òrùka wúrà bá a jáde. Ó rọra tì í padà, ó sì pe àbúrò rẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀. Mo ti yanjú ẹ̀. Olè ò sí nílé ọmọ mọ́."

Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọlẹ̀ ni mo kọ, ọlẹ̀ inú ilé ọmọ, ìbejì tí mo fojú ara mi rí nínú ìyàwó yín lórí ẹ̀rọ síkáànù ní ọsibítù wa láàárọ̀ yìí."