Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà fún Ọkàn Tó Kán

Nọ́ọ̀sì mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé báńdéèjì funfun tí wọ́n dì mọ́ ọwọ́ Lánrewájú, bí ẹni tí eegun rẹ̀ kán, lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílé ìwòsàn nítorí ọtí àmujù.

Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ dákun, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan péré kún un. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n."

"Àǹtí, ẹ dìde. Owó ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iléeṣẹ́ adójútòfò ń san fún ẹsẹ̀ tó kán. Òfin sì ti ní ọgbọọgba ni àìsàn ọkàn àti ti ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo bá fi kún un, ojúsàájú ni."

Lánrewájú rẹ́rìn-ín. "Olólùfẹ́ mi, má sunkún mọ́. Mo ti jinná bí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà lójú títì.

Ìbídùn tú ìborùn tí ọkọ rẹ̀ rà fún un nígbà tí ìfẹ́ wọn ṣì ń ta sánsán. Ó wé e mọ́ ọwọ́ náà, ó di etí ìborùn náà mú ṣinṣin, wọ́n jọ jáde.

Ilé ọtí wà ní òdìkejì géètì. Kí Ìbídùn tó bojú wẹ̀yìn, ìborùn nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń móoru.