Káńtà Tí Wọn Ò Nù Gbẹ

"Ọ̀gá, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á mọ́! Ẹ ó ha òkúta yìí lára."

Obìnrin tó máa ń bá wọn tọ́jú ilé, tí wọn ò tíì pè láti ìgbà pípẹ́, gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ baálé ilé. Ó fi aṣọ tó ti rẹ sínú fínígà, ìyẹn ọtí kíkan, àti omi wé ìdí ẹ̀rọ omi, níbi tí nǹkan funfun ti le gbagidi mọ́ káńtà òkúta dúdú inú ilé ìdáná.

"Àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́la," ni ọkùnrin náà wí. "Àárọ̀ àná nìyàwó mi rìnrìn àjò, ó sì fi ibí sílẹ̀ báyìí."

"Ṣé Màdáámú gúnlẹ̀ láyọ̀?"

"Láyọ̀ ni."

Obìnrin náà ṣí aṣọ kúrò, ó mú ike pẹlẹbẹ, ó sì ń họ ọ́. Nǹkan funfun náà ń ṣí ní ìpele ìpele. Iṣẹ́ ń dùn mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́.

"Omi tí wọn ò nù ló ń dì báyìí. Èmi ni mo kọ́ Màdáámú, wọn kì í fọ abọ́ tán kí wọ́n má nu káńtà gbẹ. Àmọ́ èyí, Ọ̀gá, ó ti tó oṣù mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti balẹ̀ kí obìnrin náà tó gbọ́ ohun tó sọ. Ká ní Màdáámú wà nílé títí di àná, omi náà kì bá tí dì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òkúta.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin náà rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ mà mọṣẹ́ yín o," ó ní. "Ta lẹ sọ fún pé ibí lẹ ń bọ̀?"