Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Tí Ebo Kò Dá Sílẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá já a lágbede méjì kò ní rí ibi tí oró rẹ̀ wà.

Ní ìgbà kan tó ti lọ bí òjìji, ọkùnrin kan wà ní Sekondi létí òkun, Ebo lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ ojú ìwé orí ayélujára. Àwọn apẹja bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ ọ̀kan tí yóò máa kéde ìjì. Maa Mansa, ìyá àgbà tó ń ṣọ́ etíkun, ni yóò máa wò ó, tí yóò sì máa bá àwọn tó wà lójú omi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Fiifi, àbúrò Ebo, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lára wọn.

1.
Nẹ́tíwọ̀kì etíkun a máa lọ, a máa bọ̀. Ebo bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ègé iṣẹ́ kan, irú èyí tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní ìkọ́. Bí Maa Mansa bá tẹ orúkọ ọkọ̀ kan, ìkọ́ náà a yan ẹ̀ṣọ́ kan sínú ẹ̀rọ, tí yóò fetí sílẹ̀ de nẹ́tíwọ̀kì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá padà dé, ẹ̀ṣọ́ a sáré lọ mú ìròyìn ojú ọjọ́ wá. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fi orúkọ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ tẹ òmíràn, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ máa relé.

Araba, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kà á, ó mirí.

"Bọ̀dá Ebo, ẹ gbé wọn síṣẹ́, ẹ ò dá wọn sílẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n á dúró sí títí ayé ni?"

"Araba, o ti tún dé. Wò ó." Ó tún ojú ìwé náà ṣí, ó yá bí àṣá. "Ṣé o rí i? Jẹ́ n jẹ kẹ́ńkẹ́ mi."

Ẹ gbọ́ ibi tí àṣìṣe wà. Àṣà àwọn oníṣẹ́ yìí ni kí wọ́n máa tún ojú ìwé ṣí ṣáá. Bí Ebo bá ti tún un ṣí, àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ a túká, kò ní mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀. Maa Mansa ńkọ́? Ebo tìkára rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tì í pa, nítorí náà ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ tirẹ̀.

2.
Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí ọkọ̀ kì í wọ òkun, ìyá wá bá a.

"Ebo, nǹkan tí o fún mi yìí ti ń wúwo. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ ronú, bí ọkọ tí wọ́n tọrọ owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìyá, ìka yín ló wúwo. Lọ́dọ̀ tèmi, ó ń ṣiṣẹ́."

"Òkun pàápàá, à ń fún un ní Ìṣẹ́gun kó fi sinmi. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, ọjọ́ wo ni tirẹ̀?"

Ebo rẹ́rìn-ín.

3.
Ní Ọjọ́bọ̀, ìjì ń bọ̀ láti òkun jíjìn, ojú kò tíì rí i. Nẹ́tíwọ̀kì lọ. Nígbà tó padà, gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí a kò dá sílẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n há ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ojú ìwé náà dákú, ìròyìn òwúrọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀.

Fiifi pe láti ojú omi. "Maa, atẹ́gùn yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni ẹ̀rọ Bọ̀dá mi wí?"

"Ó ní òkun tòrò, ọmọ mi."

"Bí Bọ̀dá mi bá ti wí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n tún àwọ̀n jù sí i."

Àjẹ̀ tí Fiifi fi ń tukọ̀ nìkan ni òkun dá padà. Maa Mansa gbé e ti ẹnu ọ̀nà Ebo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo kìlọ̀ fún yín: níbi tí ẹ bá ti yan ẹ̀ṣọ́, níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti kọ ìgbà tí yóò lọ. Ẹ má fi ẹ̀rọ tiyín wọn ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ilẹ̀kùn ilé yín má gba ìròyìn burúkú. Kí àwọn ọmọ yín tó bá jáde lówùúrọ̀ fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé nírọ̀lẹ́.