Ẹ̀rọ Tó Mọ Ẹni Tó Ń Hanrun

Nílé iṣẹ́ físà, ẹ̀rọ ló ń yẹ ìgbéyàwó wò báyìí. Tọkọtaya tó ṣíwájú gbóòórùn ìrọ̀rí mẹ́ta, wọ́n mọ ti ara wọn, wọ́n sì gba físà. Ó wá kan Ọ̀gbẹ́ni Arógundádé, ọkùnrin tó ń so táì mọ́rùn lọ ra búrẹ́dì, àti Mojoyin, ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ mú un lọ sílùú òyìnbó.

Ẹ̀rọ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọkùnrin mẹ́ta tó ń hanrun. Mojoyin ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí.

"Èkejì ni ọkọ mi."

Ẹ̀rọ kọjú sí ọkọ. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni Arógundádé ti ń búra pé ọmọlúàbí kì í hanrun, pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni ìyàwó òun ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sẹ́ níbí, ìgbéyàwó wọn di ayédèrú, Mojoyin á dá lọ. Arógundádé wo ẹ̀rọ náà bí ẹni wo olè. Ta ló gba ohùn yẹn sílẹ̀ nínú yàrá òun?

"Èmi ni," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó máa ń jí mi."

Ilẹ̀kùn ṣí, físà jáde. Mojoyin ò dìde. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe wò ó.

"Dádì Tòní, kí ló tún kù tẹ́ ẹ mọ̀, tẹ́ ẹ ń sẹ́ fún mi?"