Kò Sẹ́ni Tó Ní Kó Ti Kẹ̀kẹ́ Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹni tó bá dúró ní àárín máa rò pé èèyàn rere ni jórinjórin yìí. Òun náà rò bẹ́ẹ̀.

1.
Jórinjórin kan wà tó ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ ọmọ náà kò ti ṣiṣẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló dàgbà sí. Aránṣọ ni. Kíákíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí tó bá ti fọwọ́ kan táyà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì á máa sáré tẹ̀ lé e ni.

Gbọ̀ngán kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé tí kò lè rìn bí wọ́n ṣe ń wa irú kẹ̀kẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni Kíákíá fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ìjì ká òrùlé ibẹ̀ lọ, àwọn ọmọ bá jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n kéde eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, eré ọ̀nà jíjìn tí wọ́n fi ń wá ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìní, oníṣòwò pákó kan ṣèlérí ní gbangba:

"Bí ọmọbìnrin yẹn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni ò tì í, èmi á kan òrùlé yẹn padà."

Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Jórinjórin náà gbọ́.

2.
Kíákíá wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀dá mi, ẹ bá mi gé irin méjì tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yìí, èyí tí wọ́n fi ń tì í."

"Kí ló ṣe é?"

"Àwọn èèyàn ò lè rí i kí ọwọ́ má yún wọn. Lánàá, mo ń dúró de oníbàárà mi níwájú báǹkì, ìyá kan kàn ṣàdédé tì mí wọlé, ó tò mí sórí ìlà. Mi ò sì ní owó kankan níbẹ̀ o!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

"Tó bá wá rẹ̀ ẹ́ lọ́nà ńkọ́? Ta ló máa tì ẹ́?"

"Tó bá rẹ̀ mí, mà á sinmi. Ẹ ṣáà bá mi gé e."

"Ó dáa. Mà á gé e."

Kò gé e. Iṣẹ́ kékeré ni o, ayùn irin wà níwájú rẹ̀. Tí ọmọ náà bá béèrè, á ní kò síná, tàbí kó ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá ṣe géètì lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ fún pé, "Ẹ ṣáà máa wò wá lọ́jọ́ náà. Èmi àti àbúrò mi la jọ máa wọlé." Ó tiẹ̀ ti ra aṣọ funfun tuntun sílẹ̀.

3.
Lọ́jọ́ eré, Kíákíá wa kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ya, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ó sinmi, ó tún wà á. Ó wá ku òkè kan ṣoṣo kó dé òpin. Níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń falẹ̀: á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ díẹ̀. Àwọn èèyàn ń pariwo "Kíákíá! Kíákíá!" Àwọn oníkámẹ́rà ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Jórinjórin wo àbúrò rẹ̀. Ó wo kámẹ́rà. Ó fo okùn tí wọ́n ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ó ń fi ìkejì juwọ́ sí èrò.

"Bọ̀dá mi, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Ó ń tì í.

"Mo ṣì lè wà á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń tì í kọjá ìlà òpin. Ìgbà tó máa wo ìsàlẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó bo ojú.

Oníṣòwò pákó rìn wá bá wọn. "Ẹ má bínú o. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni." Ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

4.
Fọ́tò ibi tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ náà gba orí fóònù gbogbo èèyàn. "Irú ẹ̀gbọ́n báyìí ni kí Ọlọ́run fún wa!" Jórinjórin ń kà á, ó sì ń da fóònù dojú bolẹ̀. Nílé, ó ti sọ fún ìyá wọn pé ariwo pọ̀, òun ò gbọ́ nǹkan tí ọmọ náà ń sọ. Ìyá gbà á gbọ́. Ó ní, "Àìmọ̀ ni."

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ṣí fídíò eré ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù láti fi yẹ́ ẹ sí. Fọ́tò ò lóhùn, àmọ́ fídíò lóhùn. Ohùn Kíákíá mọ́ gaara, ó borí ariwo èrò. Àwọn tó wà níbẹ̀ wo jórinjórin, wọ́n gbé ojú kúrò. Oníbàárà ti fóònù bọ àpò. Ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Jórinjórin tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó lọ bá àbúrò rẹ̀. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọmọ náà, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ láìrán.

"Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni."

"Kẹ́ ẹ tó bẹ̀ mí, Bọ̀dá mi, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Ó wolẹ̀.

"Mo gbọ́."

"Láti ìgbà àkọ́kọ́?"

"Láti ìgbà àkọ́kọ́."

Kíákíá yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní ó pariwo mọ́ ọn ni, ìbá sàn fún un.

Títí di òní, òrùlé gbọ̀ngán yẹn ṣì wà ní ṣíṣí. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni jórinjórin ń gbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, kó má baà kọjá níwájú ibẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń kìlọ̀ fún yín: kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í. Tó bá ní rárá, rárá náà ni. Ẹ má fi ìnira ọmọnìkejì yín wá ìyìn fún ara yín. Ẹni tó bá wù pé kí ayé rí òun, kó lọ sá eré tirẹ̀.