Eyín Tó Ń Fún Kápẹ́ńtà

"Ẹ mú un wá, Bàbá mi. Ẹ̀yin máa ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń fá pákó."

Kápẹ́ńtà yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀ ni eyín ọ̀hún ti ń fún un lẹ́nu pinpin. Lónìí ni dókítà eyín yóò bá a gé díẹ̀ kúrò létí eyín náà kó lè bá a mu.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin náà, kò sì ríran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó fún ọṣẹ ìfọyín sórí ìka, bí ó ti máa ń ṣe kó má baà ṣòfò, ó sì ń tọ eyín náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Eyín ta lẹ fi ń jẹun?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Tèmi ni."

"Ti Màmá mi ni. Èmi ni mo máa ń bá wọn fọ̀ ọ́ nígbà tí ara wọn ò yá. Ibi tó kán lẹ́yìn nìyí. Tiyín wá dà?"

Kápẹ́ńtà jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló fi eyín sí òkú ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsìnkú, omijé ò sì jẹ́ kó rí iwájú. Gbogbo ẹni tó wá wo òkú ló ń sọ pé irú ẹ̀rín ńlá wo lèyí. Àlùfáà tiẹ̀ wàásù lé e lórí.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà?"

Ó gba eyín náà, ó fi í bọ ẹnu, ó dijú nítorí ìrora.

"Pè é. Sọ fún un pé ó ti bá mi mu."