Fìlà Mẹ́ta, Orí Kan

Ẹ̀rọ tó ń kígbe ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ kì í wo ojú èèyàn mọ́, fìlà ló ń wò. Bí Gbólàgún àbúrò mi ṣe dé fìlà adájọ́, ẹ̀rọ náà ní, "Adájọ́ ti dé!" Gbogbo wa dìde.

Mo ní, "Olúwa mi, wọ́n fẹ́ fi òfin tuntun wó ilé ìyá wa."

"Ta ló ṣe òfin náà?"

"Ẹ̀yin ni, nígbà tí ẹ dé fìlà aṣòfin."

"Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n wó o?"

"Ẹ̀yin náà ni, nígbà tí ẹ dé fìlà Ààrẹ."

"Mi ò mọ àwọn yẹn rí. Kí wọ́n wó o."

Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà! Ojúlé dé ojúlé ni mo bá a tọrọ ìbò, torí ó búra lójú ìyá wa pé agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan láé.

"Gbólàgún, ta ni kí n wá ké sí báyìí?"

"Ẹ lọ bẹ Ààrẹ, mà."

Ó ṣí fìlà adájọ́, ó dé ti Ààrẹ. Ẹ̀rọ kígbe, a tún dìde.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Ẹ káàbọ̀, mà. Kí lorúkọ yín?"